Bí A Ṣe Ń Múra Ilé Sílẹ̀ Kí A Tó Tà Á



Ọ̀rọ̀ ilé títà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ràn láti máa sọ láàrin wa. Ẹni tó bá kọ́ ilé, a óò lọ bá a yọ̀, a óò sì gbàdúrà pé kó pẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń lọ bá èèyàn yọ̀ pé ó ta ilé. Síbẹ̀, ilé títà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹlòmíràn ń ta ilé kan láti fi kọ́ òmíràn sí ibi tó sún mọ́ ìsọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ń tà á láti fi tọ́jú aláìsàn, tàbí láti san gbèsè tó ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn ọmọ bàbá kan náà sì lè tà á nítorí pé ilé ti ń wó, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwa oníṣòwò, tí a mọ ọjà pa, kì í rántí ọgbọ́n ọjà nígbà tó bá kan ilé. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági, yóò tẹ́ ẹ, yóò ká a, yóò fi èyí tó dán síwájú kí oníbàárà tó dé. Ẹni tó ń ta tòmátò yóò ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹni yìí kan náà yóò mú èèyàn lọ wo ilé rẹ̀ nígbà tí pàǹtírí wà lẹ́nu ọ̀nà, tí àjà ń jò, tí kò sì mọ inú àpótí tí ìwé ilé wà. Bẹ́ẹ̀, ilé ni ọjà tó tóbi jù lọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò tà láyé wa. Bí a bá pàdánù lórí tòmátò, ọjà ọ̀la á tún un ṣe. Bí a bá pàdánù lórí ilé, ó lè má sí ọ̀la kankan tí yóò tún un ṣe.

Ọ̀nà tó tọ́ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìwé ni àkọ́kọ́, ẹbí ni èkejì, àwọn tó ń gbé inú ilé ni ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe, lẹ́yìn àtúnṣe ni ìmọ́tótó àti ọ̀ṣọ́. Iye owó ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀dà kíkùn, wọn a kun ilé tán, owó á tán, nígbà tí oníbàárà bá wá béèrè ìwé, ẹnu á wọhò.

1. ÌWÉ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÁ

Ẹ kó gbogbo ìwé tó bá jẹ mọ́ ilé náà jọ sójú kan: rìsíìtì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹbí tó ta ilẹ̀ fún yín, ìwé sọ́fè tí sọ̀féyọ̀ tó ní àṣẹ ìjọba buwọ́ lù, plánù ilé tí ìjọba fọwọ́ sí, C of O bí ẹ bá ní in, àti rìsíìtì owó ilé tí ẹ ti ń san fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí wọn dáadáa. Bó bá jẹ́ orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì, tó jẹ́ orúkọ ìbatisí tàbí orúkọ tí àlùfáà sọ yín ló wà lórí ìwé sọ́fè, ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Ìwé tó bá ti sọnù, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì ṣe ìwé ìbúra lórí rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni iṣẹ́ yìí lè gbà, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti dúró sí yín lọ́rùn, ọjọ́ díẹ̀ yẹn ti tó fún un láti lọ ra ti ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí àwọn lọ́yà oníbàárà fi ń yọ ìwé wò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ilẹ̀ tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìtọ́jú gómìnà, fún ànfààní gbogbo ará ìlú. Òfin náà kò gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ́lé kalẹ̀ kó tó dé. Ó kà á sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹ̀tọ́ yẹn kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa dá ẹjọ́ kan tó wà láàrin Savannah Bank àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Ajilo, ó sì là á yé gbogbo ayé pé àwọn tó ti ní ilé ṣáájú ọdún 1978 pàápàá wà lábẹ́ òfin yìí. Nítorí náà, rìsíìtì nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Lọ́yà yóò kọ ìwé títà, èyí tí wọ́n ń pè ní díìdì, ẹ̀yin àti oníbàárà yóò buwọ́ lù ú, yóò sì lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ fún ìfọwọ́sí.

Ẹ̀yin fúnra yín, kí ẹ tó pe oníbàárà kankan, ẹ rán lọ́yà lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ kó lọ wo àkọsílẹ̀ ilé yín. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀, ó sàn kí ẹ̀yin kọ́kọ́ rí i ju kí lọ́yà oníbàárà wá fi hàn yín lọ. Bí ẹ bá sì ti fi ìwé ilé dógò lọ́dọ̀ báńkì tàbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa yìí, ẹ sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. A lè ṣètò pé kí apá kan nínú owó náà wá tààrà láti san gbèsè, kí ìwé sì jáde lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ń ba títà jẹ́ ni kí oníbàárà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé gbogbo sílẹ̀. Ẹ̀dà ni ẹ óò máa fi han èèyàn. Ojúlówó ìwé kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín lọ sọ́wọ́ ajẹ́ńtì, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

2. Ọ̀RỌ̀ ẸBÍ, ÀTI ÌKÌLỌ̀ ARA ÒGIRI

Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ tó fi owó ara rẹ̀ rà, òun ló ni ín. Síbẹ̀, kí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́. Bó bá jẹ́ pé orúkọ méjì ló wà lórí ìwé, àwọn méjèèjì ni yóò buwọ́ lu títà.

Ti ilé ogún yàtọ̀. Nínú àṣà wa, bí bàbá bá kú tí kò ṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ilé náà, àti ọkùnrin àti obìnrin. Dáwódù ni olórí wọn, ṣùgbọ́n olórí kì í ṣe oní-ǹ-kan. Ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìgbà náà fìdí òfin kan múlẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà inú ẹbí tó ṣe kókó, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé títà náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ará ẹbí tà á láìsí olórí ẹbí, bí ìgbà tí wọn kò ta nǹkan kan ni. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ pe ìpàdé, ẹ jẹ́ kí gbogbo ojúlé ní aṣojú, títí kan ọmọ tó wà ní Èkó àti èyí tó wà lókè òkun. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sínú ìwé, kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú, àti bí ẹ ó ṣe pín owó náà pẹ̀lú. Lọ́yà yóò sọ fún yín bí ẹ bá ní láti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga.

Níbi tí ẹbí kò bá ti ṣọ̀kan, gbogbo wa mọ ohun tí a máa ń rí: wọn á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, Ẹ ṢỌ́RA FÚN 419. Ìgboro Ìbàdàn àti Èkó kún fún un. Nọ́ńbà 419 yẹn, apá òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa tó sọ̀rọ̀ nípa fífi irọ́ gba nǹkan oní-ǹ-kan ni wọ́n ti mú un. Ìkìlọ̀ náà wúlò nígbà tí àwọn gbájú-ẹ̀ bá ń ta ilé onílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tà á nítòótọ́, ẹ má ṣe kan dédé kun ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wádìí ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ń bí i nínú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yanjú, kí òun gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí pẹ́ńtà yóò pa á rẹ́, kí àwọn ará àdúgbò sì rí i. Ojú àwọn ará àdúgbò yẹn ni oníbàárà yóò bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ, òun ni ọ̀rọ̀ sàárè. Ọ̀pọ̀ ilé bàbá wa ni a sin àgbàlagbà sí, yálà nínú yàrá tàbí ní ẹ̀yìnkùlé. Oníbàárà yóò rí i, tàbí kí ó gbọ́ ọ. Kí ẹbí ti jókòó lé e lórí tẹ́lẹ̀: ṣé ẹ ó yọ ibẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tí ẹ ń tà, kí ẹ sì ní ọ̀nà láti máa débẹ̀, tàbí ẹ ó ṣí òkú náà nípò? Bó bá jẹ́ ṣíṣí nípò, ẹ kò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ kí ẹ tó béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé ni kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu wọn jáde. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹni tó ra ilé.

3. ÀWỌN AYÁLÉGBÉ

Nínú ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní face-me-I-face-you, ayálégbé lè tó mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Àwọn ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Bí inú wọn kò bá dùn, wọn á sọ fún un pé omi ò sí, pé àjà ń jò, pé ejò ń wọlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lóde. Ẹ pè wọ́n jókòó, ẹ sọ ọ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí.

Òfin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kó tó kúrò. Ẹni tó ń san lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Bí àsìkò yẹn bá pé tí kò kúrò, ìwé ọlọ́jọ́ méje ló kàn, lẹ́yìn náà ni kóòtù. Kíká òrùlé lé èèyàn lórí tàbí gígé iná rẹ̀ kò sí nínú òfin. Ẹ wá rí i pé bí ẹ bá fẹ́ tà á ní òfìfo, ìpalẹ̀mọ́ ti di iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló fẹ́ òfìfo. Ẹni tó ń rà á nítorí owó ilé yóò fẹ́ kí àwọn ayálégbé wà níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé kékeré kan ni kí ẹ ṣètò fún un: yàrá mélòó ni ayálégbé wà, iye tí oníkálukú ń san, àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán. Ẹ má ṣe gba owó ọdún méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé nígbà tí ẹ ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ tà. Ìjà ni ẹ ń tà fún oníbàárà yẹn.

4. ÀTÚNṢE WO LÓ LÉRÈ?

Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òrùlé jíjò ni ẹ̀tẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri ni làpálàpá. Bí oníbàárà bá wọlé, òkè ló ń kọ́kọ́ wò. Bó bá rí àmì omi lára àjà, kò ní rò pé ìṣó pánù méjì ló yọ. Yóò rò pé gbogbo igi òkè ti jẹrà. Ẹ mú kápẹ́ńtà gun òrùlé, kó pààrọ̀ pánù tó ti lu, kó kan ìṣó tó ti yọ, kó wo igi bóyá ikán ti débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pààrọ̀ àjà tó lámì. Bí ẹ bá kun àjà nìkan, òjò kan péré ló máa tú u fó.

Lẹ́yìn òrùlé, ó kan ògiri. Sísán kékeré tó wà lára símẹ́ńtì ìrẹ́lé nìkan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bíríkìlà á yọ ọ́, á sì tún un rẹ́. Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ sílẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí ìka lè wọ̀, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń rìn, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tó parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ oṣù sí i, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bó bá ti kọjá ìlà, ẹ pe onímọ̀ ilé kíkọ́. Àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ lára ní ti wọn: omi a máa há sáàrin amọ̀ àti símẹ́ńtì, símẹ́ńtì á wú, á sì máa bọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi òjò ń gbà, kí ẹ la gọ́tà kó máa ṣàn kúrò lẹ́bàá ilé, kí ẹ tó tún un rẹ́.

Omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́n kànga, ẹ dé e, ẹ fún un ní ìdérí tó dára. Bó bá jẹ́ kànga ẹlẹ́rọ ni, kí ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ lójú oníbàárà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti kún, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa á. Wáyà iná tó bá ṣí sílẹ̀, kí oníná bò ó. Kí ẹ sì san gbèsè iná, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ra gbèsè mọ́ ilé.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye tí ọjà wà. Ká ní ẹ fẹ́ ₦18,000,000 lórí ilé kan. Kápẹ́ńtà gba ₦400,000 láti tún òrùlé ṣe, ọ̀dà iwájú ilé àti pálọ̀ gba ₦150,000, kíkó pàǹtírí àti fífọ ilé gba ₦50,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Bí oníbàárà bá rí ilé náà bó ṣe wà, tó fi ₦16,000,000 lọ̀ yín, tó sì fi ₦17,500,000 lọ̀ yín lẹ́yìn àtúnṣe, owó tó wọlé lé ní ₦1,500,000. Ẹ yọ ₦600,000 kúrò, ó ku ₦900,000. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ yá owó àtúnṣe náà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10 lórí ₦100, ₦60,000 ni èlé. Ẹ ṣì jèrè ₦840,000.

Ká tún wá ní pé ẹ fi ₦2,500,000 tẹ́ táìlì sí gbogbo yàrá, tí oníbàárà sì fi ₦1,000,000 péré kún owó rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ ti pàdánù ₦1,500,000 nìyẹn. Àwọ̀ tó wù yín lè má wu òun. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló fẹ́ wó ògiri méjì láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù ni kí ẹ tún ṣe. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fàájì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ fún àtúnṣe, kó kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ wá bí mo ti ṣe é lókè yìí, ìgbìmọ̀ á lè rí i kedere.

5. ỌJỌ́ TÍ ONÍBÀÁRÀ Ń BỌ̀

Ẹ jáde síta, kí ẹ dúró lódìkejì títì, kí ẹ wo ilé yín bí àjèjì. Koríko ẹnu ọ̀nà, táyà àtijọ́, ẹ̀rọ amúnáwá tó ti kú láti ọdún mélòó kan, ọkọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ni kó kúrò. Kí géètì ṣí láìjẹ́ pé a ń fi èjìká tì í.

Àwa oníṣòwò ní àìsàn kan: ilé wa ni sítọ́ọ̀ wa. Páálí ọjà á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpò gàrí á dí fèrèsé. Oníbàárà kò ní mọ bí yàrá ti tóbi tó. Ohun tí yóò gbé lọ ni pé ilé náà há. Ẹ kó ọjà lọ sí ìsọ̀, tàbí kí ẹ háyà sítọ́ọ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Àwọn àga tó pọ̀ jù nínú pálọ̀, ẹ dín wọn kù. Kí yàrá kan ṣófo pátápátá bó bá ṣeé ṣe, kí ó lè rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Òórùn ń ta ilé lọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Òórùn kẹrosíìnì, ti ẹja gbígbẹ, ti ewúrẹ́ àti adìẹ, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́, àlejò ló ń gbọ́ ọ. Ẹ ṣí fèrèsé láti òwúrọ̀, ẹ fọ ilẹ̀, ẹ fọ gọ́tà, ẹ kó ẹran ọ̀sìn lọ sí ibòmíràn. Ẹ nu àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí eruku inú rẹ̀ ló ń mú kí yàrá ṣókùnkùn. Ẹ fi gílóòbù sí gbogbo ibi tó yẹ. Ọ̀sán gangan tàbí òwúrọ̀ ni kí ẹ mú un wá, ẹ má ṣe fi alẹ́ bo ilé. Owó, góòlù àti ìwé, kí wọ́n má ṣe sí nínú yàrá tí àlejò ń wọ̀.

Bí ó bá dé, ẹnì kan péré ni kó sọ̀rọ̀. Ilé tí ọmọ mẹ́ta ń dá iye mẹ́ta, oníbàárà yóò mú èyí tó kéré jù.

6. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ BÒ MỌ́LẸ̀

Mímúra ilé sílẹ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe màgòmágó. Ẹni tó ṣa tòmátò tó bàjẹ́ kúrò lórí àtẹ ṣe dáadáa. Ẹni tó tò ó sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ jalè. Fífọ ògiri kò burú. Kíkun ọ̀dà bo ògiri tó ń rì burú.

Ọ̀rọ̀ omíyalé ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ fún àwa ará Ìbàdàn. Kò sí àgbàlagbà tó gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún tó gbé ilé àti èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya bo ìlú náà, ó sì tún gba ẹ̀mí. Bí ilé yín bá wà lẹ́bàá odò, oníbàárà á béèrè. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ sọ ọdún tó wọ̀ ọ́, ibi tó gùn dé lára ògiri, àti ohun tí ẹ ti ṣe láti ìgbà náà, bóyá ẹ ti gbé ilẹ̀ sókè tàbí ẹ ti la gọ́tà. Iye owó lè dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ pa á mọ́ fún, àwọn ará àdúgbò á sọ fún un kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì lórí ìwé tí ẹ tọ́jú dáadáa pàápàá.

Bákan náà ni ẹjọ́ tó bá wà ní kóòtù, àmì tí ìjọba fi sára ilé láti wó o tàbí láti la títì, àti ààlà tí ẹ ń bá aládùúgbò jà sí. Ẹ sọ ọ́.

7. AJẸ́ŃTÌ, IYE OWÓ, ÀTI OWÓ GBÍGBÀ

Kí ẹ tó dá iye, ẹ wádìí iye tí wọ́n ta ilé mẹ́ta tó jọ tiyín ládùúgbò yẹn láìpẹ́. Ẹ béèrè iye tí wọ́n gbà, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Bí agbára bá wà, ẹ pe onímọ̀ tó ń díyelé ilé. Òógùn tí ẹ ti là lórí ilé náà tóbi lójú yín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oníbàárà kò ní sanwó òógùn. Ẹ fi iye kan sọ́kàn tí ẹ kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì sọ ọ́ fún ajẹ́ńtì.

Ajẹ́ńtì kan tàbí méjì tó. Bí mẹ́wàá bá ń gbé ilé kan kiri, olúkúlùkù á fi tirẹ̀ lé owó náà, ilé á di ohun yẹ̀yẹ́ lọ́jà. Ẹ kọ iye tí ẹ ó san fún un sínú ìwé. Ohun kan tó tún ṣe pàtàkì: ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé owó ilé ìwòsàn tàbí gbèsè ló ń lé yín. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ti gbọ́ pé ẹ kò lè dúró, òun náà á jókòó, á máa ka ọjọ́.

Kí owó gba inú báńkì kọjá. Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ orí fóònù gbọ́ pé owó ti wọlé; ẹ jẹ́ kí báńkì yín fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó wà nínú àkáǹtì. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni yóò san, kí lọ́yà kọ ọjọ́ àti iye sínú àdéhùn. Kọ́kọ́rọ́ àti ojúlówó ìwé, ọjọ́ tí owó bá pé ni wọ́n ń kúrò nílé.

ẸNI TÍ KÒ TÍÌ FẸ́ TÀ ŃKỌ́?

Òun gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó ń ta ilé nínú ìṣòro kì í ní oṣù mẹ́fà. Kò sí àyè fún un láti wá ìwé, láti pe ẹbí, láti duro de ayálégbé. Nítorí náà ni ó fi ń tà á lọ́pọ̀, tí ẹni tó rà á á sì fi oṣù mẹ́fà yẹn ṣe ohun tó yẹ kí òun ṣe, á sì tún un tà, á jèrè. Òun ló jìyà kíkọ́lé, ẹlòmíràn ló jẹ èrè rẹ̀.

Nínú oṣù yìí, kí olúkúlùkù yín ṣí àpótí, kó wo ìwé ilé rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé sọ́fè, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó rẹ̀ jọ. Ẹni tó jẹ́ pé ilé bàbá ló ń gbé, kó pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ jókòó nígbà tí ara gbogbo wọn ṣì le. Kó tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Bí ẹ kò bá tà á láé, ẹ ó gbé inú ilé tó dára, àwọn ọmọ yín kò sì ní jà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá wá tà á, ẹ ó gba iye tó tó ilé yín.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ìwé tó fi dógò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, kó wá rí mi ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìpàdé. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́